Wọ́n ní èlé ti wálẹ̀: ṣé ká yọ̀ ni, àbí ká fajú ro?

“Báńkì àpapọ̀ ti dín èlé kù.” Bí oníròyìn ṣe máa ń kà á nìyẹn, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti yé tọmọdé tàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa á mi orí, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ká ní tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní 100,000 ní báńkì, èlé orí rẹ̀ ló sì fi ń gbọ́ bùkátà. Àbúrò ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá 100,000 láti fi ra ilé ni. (Owó ìlú yòówù tí ẹ bá fi sí i, ìṣirò náà kò ní yàtọ̀.) Ìròyìn kan náà ni wọ́n jọ gbọ́. Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́.

Òjò tó rọ̀ sí ewúro náà ló rọ̀ sí ìrèké. Bí ẹ bá tún gbọ́ ìròyìn yìí, ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi í. Àkọ́kọ́ ni: ta ló dára fún? Èkejì ni: ìgbà wo lonítọ̀hún wọ inú àdéhùn tirẹ̀? Àwọn ènìyàn máa ń rántí ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ni wọ́n ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn jù.

Kí ni èlé gan-an?

Èlé ni owó ìlò owó. Bí onílé ṣe ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, bẹ́ẹ̀ ni olówó ṣe ń gba èlé lọ́wọ́ ẹni tó ń bá a ná owó rẹ̀. Iye tí wọ́n yá gan-an là ń pè ní ojú owó. Ohun tó gun orí rẹ̀ ni èlé. Bí wọ́n bá ní èlé jẹ́ 6%, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà ni ẹ ó san fún ìlò ọdún kan.

Ibi tó ti máa ń dàrú mọ́ni lójú nìyí: ẹni tó fi owó pamọ́ sí báńkì, báńkì ló yá lówó. A máa ń rò pé ṣe ni wọ́n ń bá wa ṣọ́ ọ. Rárá o. Wọ́n ń fi ṣòwò ni, wọ́n ń yá àwọn ẹlòmíràn lówó, èlé tí wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ wọn máa ń ju èyí tí wọ́n ń san fún wa lọ. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni báńkì fi ń jẹun. Nítorí náà, ayánilówó ni ẹ̀gbọ́n, ayáwó ni àbúrò, báńkì sì ni alárinà wọn. Ohun tó jẹ́ owó tó ń wọlé fún ọ̀kan ni owó tó ń jáde lápò èkejì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù: mọ́gééjì. Òun ni owó ńlá tí báńkì ń yá ènìyàn láti fi ra ilé, tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ogún ọdún, ọdún 25 tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ilé náà gan-an ni wọ́n fi dógò. Bí kò bá rí owó san mọ́, báńkì lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì tà á.

Ta ló ń dín èlé kù, kí ló sì dé?

Báńkì àpapọ̀ ni báńkì àwọn báńkì. Ó ní èlé tó ń bá àwọn báńkì yòókù lò, yálà èyí tó ń san fún wọn lórí owó tí wọ́n kó sọ́dọ̀ rẹ̀ tàbí èyí tó ń gbà nígbà tí wọ́n bá yáwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní èlé ìpìlẹ̀. Bí èyí bá wálẹ̀, èlé inú àkáǹtì wa àti èlé orí gbèsè wa á tẹ̀lé e, bó pẹ́ bó yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í jọ rìn lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ìgbà tí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dín in kù. Àwọn ènìyàn ń di owó mú, ọjà kò tà, ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Báńkì àpapọ̀ á dín èlé kù kí owó yíyá lè rọrùn, kí èrè orí owó tó jókòó lásán sì lè kéré débi pé ẹni tó ni ín á rò ó pé òun ì bá kúkú ná an. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ìyà tó ń jẹ ẹ̀gbọ́n kì í ṣe àṣìṣe oògùn náà. Ó wà lára ohun tí oògùn náà wá ṣe. Bí ọjà bá wá ń gbówó lórí ní ìwọ̀n tó pọ̀ jù, òdìkejì rẹ̀ ni wọn yóò ṣe: wọ́n á gbé èlé sókè kí ọwọ́ gbogbo ènìyàn lè rọ̀ nínú ìnáwó.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ayé ni ìgbà tí ètò báńkì dojú dé lọ́dún 2008. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà dín èlé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kù sí àárín òdo àti 0.25%, ibẹ̀ ló sì wà fún ọdún méje gbáko. Bank of England, ìyẹn báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1694, dín tirẹ̀ kù sí 0.5% ní oṣù Kẹta ọdún 2009. Kò tíì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé lọ́dún 2020, Amẹ́ríkà tún padà sí òdo, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì já wá sí 0.1%.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí owó ẹ̀gbọ́n?

Nígbà tí èlé wà ní 6%, 100,000 ẹ̀gbọ́n ń mú 6,000 wálé lọ́dún, ìyẹn 500 lóṣù. Nígbà tó di 2%, ó di nǹkan bí 167 lóṣù. Bó bá wá já sí 0.5%, 500 ni gbogbo èrè ọdún kan. Ohun tó ń gbà lóṣù kan tẹ́lẹ̀ ni yóò máa gbà lọ́dún kan báyìí, kò sì ná kọ́bọ̀ nínú ojú owó rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà láti fi wò ó. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án, tó jẹ́ kí èlé máa gun orí èlé, owó rẹ̀ á di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ọdún 12 bí èlé bá jẹ́ 6%. Bó bá jẹ́ 2%, ó di ọdún 35. Bó bá jẹ́ 0.5%, ọdún 139 ni. Ọmọ ọmọ ẹni lè má bá a.

Kí ni ẹ̀gbọ́n lè ṣe? Ó lè máa bu ojú owó jẹ, kó máa gbàdúrà pé kí owó má tán kí òun tó lọ. Ó lè lọ ra ìpín nínú ilé iṣẹ́, níbi tí èrè ti lè pọ̀ ṣùgbọ́n tí ojú owó náà lè ṣòfò, lọ́jọ́ orí tí kò ti lè tún un kó jọ mọ́. Tàbí kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ẹni tó fẹ̀yìn tì máa ń kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ bá ilé iṣẹ́ adójútòfò, kí wọ́n máa san iye kan fún un lóṣooṣù títí dọjọ́ ikú. Èlé ọjọ́ tó ṣe àdéhùn yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò iye náà. Ẹni tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tí èlé rẹlẹ̀, tó sì ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, owó kékeré ni yóò máa gbà lọ, kódà bí èlé bá tún gòkè lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Àwọn báńkì kò tún ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Bí èlé ìpìlẹ̀ bá wálẹ̀, kíá ni wọ́n ń dín èyí tí wọ́n ń san fún wa kù. Bó bá gòkè, ẹsẹ̀ wọn á wá wúwo.

Ṣé owó tó wà ní báńkì lè dínkù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án?

Ó lè dínkù, ọ̀nà méjì ló sì lè gbà.

Èyí tó wọ́pọ̀ ni ọ̀wọ́ngógó ọjà. Ká ní 2% ni èlé, ọjà sì fi 5% gbówó lórí láàárín ọdún kan. 100,000 ẹ̀gbọ́n ti di 102,000, ṣùgbọ́n ẹrù tí 100,000 ń rà lésìí ti di 105,000. Iye inú ìwé gòkè, agbára owó rọlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká máa wo èlé nìkan láìwo iye tí ọjà fi ń lékún. Èlé 10% níbi tí ọjà ti ń fi 15% lékún burú fún ẹni tó ń fowó pamọ́ ju èlé 1% lọ níbi tí ọjà kò ti yí padà. Àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gba èyí gbọ́, nítorí pé 10% dùn ún gbọ́ létí.

Àbúrò ńkọ́? Ọ̀wọ́ngógó tó ń jẹ owó ẹ̀gbọ́n ń jẹ gbèsè tirẹ̀ náà. Gbèsè rẹ̀ kì í lékún nítorí pé ọjà wọ́n. Bí owó oṣù rẹ̀ bá ń gòkè tẹ̀lé ọjà, àdá gbèsè náà á máa kújú lọ́dọọdún. Bí owó oṣù rẹ̀ kò bá gòkè, kò sí ìrànwọ́ kankan níbẹ̀ fún un.

Ọ̀nà kejì ṣàjèjì díẹ̀: èlé tó wà lábẹ́ òdo. Báńkì àpapọ̀ Denmark dé ibẹ̀ lọ́dún 2012, ti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó euro tẹ̀lé e ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, ti Jàpáánì sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2016. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé báńkì tó kó owó pamọ́ síbẹ̀ ló ń sanwó. Ní Jámánì, ó dé orí àwọn tí owó wọn pọ̀ ní báńkì: ọ̀pọ̀ báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ wọn. Ní Denmark, lọ́dún 2019, Jyske Bank gbé mọ́gééjì ọdún mẹ́wàá jáde tí èlé rẹ̀ jẹ́ 0.5% lábẹ́ òdo, tó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn tí a bá yọ owó iṣẹ́ àti owó ìwé kúrò, iye tí ayáwó ń dá padà kéré sí iye tó yá. Àsìkò náà ti kọjá. Àwọn tó ń ná euro jáde kúrò lábẹ́ òdo ní oṣù Keje ọdún 2022, Jàpáánì sì jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí gbèsè àbúrò?

Ká ní ọdún 25 ni àbúrò fẹ́ fi san 100,000 tó yá. Bí èlé bá jẹ́ 6%, yóò máa san nǹkan bí 644 lóṣooṣù. Bó bá jẹ́ 2%, 424 ni. 220 ló kù sí i lọ́wọ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ títí tí gbèsè á fi tán, nǹkan bí 193,300 ni ẹni tó yá a ní 6% yóò san, 127,200 sì ni ẹni tó yá a ní 2%. Ilé kan náà ni o. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ilé méjì, ó gba ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká tú owó oṣù àkọ́kọ́ palẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí wà. Nínú 644 yẹn, 500 ni èlé. 144 péré ló bu nínú ojú owó. Nínú 424, èlé jẹ́ 167, ojú owó sì gba 257. Èlé tó rẹlẹ̀ dín iye tí à ń san kù, ó sì tún mú kí gbèsè náà tètè máa yọ́. Ẹ tún wo 500 àti 167 yẹn dáadáa. Owó ẹ̀gbọ́n nìyẹn! Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n lóṣù, iye yẹn gan-an ló kúrò lọ́rùn àbúrò, bí a bá gbé ti alárinà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kí ló dé tí owó oṣooṣù àwọn kan kò yí padà?

Ìbéèrè kejì tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyí. Oríṣi mọ́gééjì méjì ló wà. Ọ̀kan ní èlé tó ń yí: bí èlé ìpìlẹ̀ bá wálẹ̀, owó oṣooṣù á wálẹ̀, bó bá gòkè, á gòkè. Èkejì ní èlé tí a dè mọ́lẹ̀ fún iye ọdún kan. Ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀ lóde, iye tí ẹ fọwọ́ sí lẹ ó máa san títí àkókò náà yóò fi pé. Ẹni tó dè é mọ́lẹ̀ ní 6% lè jókòó kó máa gbọ́ ìròyìn pé èlé ti di 2%, kí ó má sì kàn án rárá.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ní Finland, èlé tó ń yí ló pọ̀ jù. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ló gbajúmọ̀, ó sì dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo: bí èlé bá wálẹ̀, ayáwó lè gba mọ́gééjì tuntun kó fi san ti àtijọ́, bó bá gòkè, á jókòó jẹ́ẹ́ sórí èyí tó ní. Nínú ìṣirò Freddie Mac, ilé iṣẹ́ kan tó ń ra mọ́gééjì lọ́wọ́ àwọn báńkì Amẹ́ríkà, èlé irú mọ́gééjì yìí jẹ́ 18.63% ní oṣù Kẹwàá ọdún 1981. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ó ti já wá sí 2.65%. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ó tún ti dé 7.79%. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dè é mọ́ 3% kọ̀ láti kó kúrò nílé wọn nígbà náà, ìbáà jẹ́ pé ilé náà ti há mọ́ wọn. Ta ló fẹ́ ju irú èlé bẹ́ẹ̀ nù?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì tàbí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń dè é mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti ká ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́. Èlé ìpìlẹ̀ tó jẹ́ 0.1% lọ́dún 2021 di 5.25% ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, mọ́gééjì tuntun ọlọ́dún méjì sì kọjá 6%. Ká ní àbúrò ti dè é mọ́ 2% fún ọdún méjì. Yóò ti san 424 lóṣooṣù títí gbèsè rẹ̀ fi ku nǹkan bí 93,700. Nígbà tí àkókò pé tó tún àdéhùn ṣe ní 6%, 424 di 627. Kò yá kọ́bọ̀ sí i. Kò pàdánù iṣẹ́. Ọdún tó wọlé ló yàtọ̀.

Ẹni tí kò tíì ra ilé ńkọ́?

Òun ni mo kà sí ẹni tí wọ́n ń gbàgbé jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ènìyàn ń sọ fún un pé àsìkò rẹ̀ dé, èlé ti wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo 644 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní 6%, gbèsè 100,000 ló lè gbé. Ní 2%, ó lè gbé nǹkan bí 152,000. Òun nìkan kọ́ lagbára rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń wá ilé ni. Ilé kò pọ̀ sí i mọ́jú, owó tó ń lé e ló pọ̀ sí i, ni iye ilé bá gòkè. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó ń gbé iye ilé sókè, ṣùgbọ́n èlé tó rẹlẹ̀ kì í gbẹ́yìn nínú wọn.

Báńkì kì í sì í yáni ní gbogbo owó ilé. Bí wọ́n bá ní kó mú ìdá kan nínú mẹ́wàá wá lápò ara rẹ̀, ilé tó jẹ́ 100,000 ń bèèrè 10,000. Nígbà tó bá di 152,000, ó ń bèèrè 15,200. Níbo ló ti ń kó owó yẹn jọ? Nínú àkáǹtì tí wọ́n ń san 0.5% fún. Ní alẹ́, ẹ̀gbọ́n ni. Ní òwúrọ̀, ó fẹ́ di àbúrò, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló sì ti ń gbóná mọ́ ọn. Àǹfààní ibẹ̀ ti ẹni tó ti ní ilé kí èlé tó wálẹ̀ ni: gbèsè rẹ̀ rọlẹ̀, iye ilé rẹ̀ gòkè.

Bí ènìyàn bá ní gbèsè, tó tún ní owó ní báńkì ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi èlé tí báńkì ń san fún yín wé èyí tí ẹ ń san fún báńkì. Bí 10,000 yín bá ń mú 0.5% wá, 50 ni lọ́dún. Bí mọ́gééjì yín bá wà ní 2%, 10,000 inú rẹ̀ ń gba 200 lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fi owó ìpamọ́ náà san nínú gbèsè, ẹ jèrè 150 lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti de mọ́gééjì mọ́ 2%, tí èlé wá gòkè, tí báńkì ń san 5% lórí owó ìpamọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà: 500 ń wọlé, 200 ń jáde. Kò sí ohun tó ń lé yín láti san gbèsè náà kíákíá.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tó lè ba ìṣirò náà jẹ́. Àwọn báńkì kan máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá sáré san mọ́gééjì tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ìjọba lè gba owó orí lórí èlé tó wọlé fún yín. Owó tí ẹ bá sì ti kó wọ inú ilé kì í rọrùn láti yọ padà bí àìsàn tàbí àìríṣẹ́ṣe bá dé, nítorí náà ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀.

Ìwé àdéhùn mọ́gééjì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wá jáde. Ọjọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí èlé tí ẹ dè mọ́lẹ̀ yóò tú. Ẹ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì ṣírò iye tí ẹ ó máa san bí èlé bá fi 2% tàbí 3% ju ti òní lọ lọ́jọ́ náà.